Ẹgbẹ́ Ìdí Fèrèsé

Yìnyín ti bo òkè Mokhotlong láti òru.
Ogún ọmọ, àga méjìlá, sítóòfù kan tó ń wúkọ́.
Mo pín wọn ní mẹ́rin-mẹ́rin,
mo ní: "Ẹ̀yin, orin orílẹ̀-èdè. Ẹ̀yin, apata ìjọba.
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí fèrèsé, àsíá.
Ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi o. Ẹ ṣe é."

Ìdí apata ni ariwo ti kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀.
Ọ̀nì ló wà lára rẹ̀, ọ̀nì ìran ọba,
ta ló sì rí ọ̀nì rí nínú wọn?
Omi odò wa a máa gé ni lẹ́sẹ̀ jẹ,
ọ̀nì wo ni yóò wá gbọ̀n níbẹ̀?
Nthofeela ya alángbá,
ó lẹ eyín mọ́ ọn lẹ́nu, ó fún un ní etí àgùntàn.
Mo ní, "Etí wá ńkọ́?"
Ó ní, "Tíṣà, bí kò bá gbọ́ràn, báwo ni yóò ṣe ṣọ́ wa?"
Mo dá írésà padà sápò.

Ṣùgbọ́n ìdí fèrèsé dákẹ́,
irú ìdákẹ́jẹ́ ọmọdé tó máa ń kọ àgbà lóminú.
Búlúù ti wà: etí yúnífọ́ọ̀mù Khopotso, èyí tó ti kéré jù fún un.
Funfun ti wà: àpò ìyẹ̀fun,
iye kílò rẹ̀ ṣì ń yọjú lẹ́yìn gbogbo ọṣẹ.
Àwọ̀ ewé ni kò sí.
Ramohapi nawọ́ sí pápá tí kò hàn mọ́:
"Kí yìnyín tó bò ó, ṣebí gbígbẹ ló gbẹ?
Ṣé ká fi pupa rúsúrúsú síbẹ̀?"
Mo ní àwọ̀ ewé ni ọ̀pọ̀, àwọ̀ ewé ni àníṣẹ́kù.
Ó ní, "Mo mọ̀, Tíṣà. Bó ṣe rí ni mò ń sọ."

Ìgbà náà ni ohùn kan gba ojú gíláàsì tó fọ́ wọlé:
"Akẹtẹ̀ yín yẹn, ìkòkò tí wọ́n dojú ẹ̀ dé ni."

Sekhonyana ni, ọmọ darandaran,
ọdún mẹ́tàlá, kò sí nínú ìwé orúkọ kankan.
Kúbùsù léjìká, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, ajá lẹ́yìn.
Yìnyín ti há àwọn àgùntàn rẹ̀ mọ́ inú ọgbà,
òun náà wá fẹ̀yìn ti ògiri wa,
ẹ̀kọ́ tí a kò fún un ló ń gbọ́.
Wọ́n rẹ́rìn-ín.
Khopotso kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wọlé wá fi hàn wá."

Ó ṣí akẹtẹ̀ lórí, ó gbé e sórí tábìlì,
ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó fi èédú fà á láìgbọ́wọ́ sókè:
etí tó na apá, orí ṣóńṣó, kókó kékeré lókè téńté.
Ìyá rẹ̀ ló hun ún
kó tó bá iṣẹ́ aránṣọ lọ sí Maseru.
Ó ti fún un lórí báyìí.

"Àmọ́ àwọ̀ koríko ni tìẹ," Ramohapi tún dé,
"dúdú ni ti àsíá. Kí ló dé?"
Mo ṣíwèé. Ìwé ní, torí pé ènìyàn dúdú ni wá.
Sekhonyana kò jiyàn.
Ó ní, "Èmi rò pé òjò ló pa á.
Tí òjò bá pa á, bẹ́ẹ̀ ló máa ń dúdú."

A wo búlúù tó wà lókè akẹtẹ̀.
Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń kọ́ ọmọ ní àsíá yìí,
òjò ò rọ̀ nínú rẹ̀ rí.

Ó lọ kí agogo tó lù, ọ̀dọ́ àgùntàn kan ń ké.
A fi okùn ta àsíá sára ògiri:
búlúù, funfun, àti àyè lásán níbi tí ewé ìbá wà,
amọ̀ ògiri ń yọ níbẹ̀.
Mo fi pẹ́ńsù kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀ ìwé orúkọ, níbi tí ìlà tán sí.
Nthofeela ń bèèrè bóyá ọ̀nì a máa jẹ koríko.